Lẹ́tà Tí Ọmọ́wùnmí Kọ Nípa Ara Rẹ̀

Ọsibítù kékeré kan wà lójú títì Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá tó wọ ibẹ̀, kó tó rí nọ́ọ̀sì, kó tó rí dókítà, Àǹtí Káàdì ló máa kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yìn fèrèsé onírin kan ni obìnrin náà máa ń jókòó sí, tí á máa wá káàdì aláìsàn jáde láti orí pẹpẹ tó ga dé àjà. Ọmọ́wùnmí Ajílété ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ mọ ìyẹn? Àwọn ọmọdé kan tiẹ̀ rò pé Káàdì ni bàbá tó bí i ń jẹ́. Òun ní tirẹ̀ mọ orúkọ gbogbo wọn. Ó mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó mọ ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń dà láàmú, ó sì mọ bàbá kan tó ní ìyàwó méjì lórí káàdì méjì, tí kò fẹ́ kí ọjọ́ àwọn méjèèjì pàdé láéláé. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń pa àṣírí wọn mọ́. Kò sẹ́ni tó ń pa tirẹ̀ mọ́, torí kò sẹ́ni tó béèrè.

Bí iṣẹ́ bá parí, á rìn gba ẹ̀gbẹ́ títì, á ra búrẹ́dì àbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, á wọ yàrá àti pálọ̀ tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Á tan rédíò kí ilé lè ní ohùn. Ẹ má rò pé kò lẹ́bí o. Àkọ́bí ni. Ọdún tó jáde fásitì ni ìyá wọn kú, bàbá ti ṣáájú, àbúrò méjì ló sì kù sí i lọ́rùn: Gbóyèga, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àti Hope, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó tọ́ wọn, ó rán wọn níléèwé, ó sì rán wọn lọ sókè òkun. Gbóyèga wà ní Kánádà báyìí, Hope wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin kan wà tó dúró dè é fún ọdún mẹ́ta gbáko, tó ní kí àwọn ṣègbéyàwó. Ọmọ́wùnmí ní kó jẹ́ kí Hope wọ fásitì ná. Nígbà tí Hope fi máa wọ fásitì, ọkùnrin náà ti ń sọmọ lórúkọ pẹ̀lú ẹlòmíì. Ó dun Ọmọ́wùnmí. Ó ṣì ń dùn ún, bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè.

Ohun kan wà tó tún mọ̀ ọ́n ṣe yàtọ̀ sí iṣẹ́ káàdì. Ẹni tó bá ti gba fọ́ọ̀mù másítà rí á mọ̀ pé fásitì kì í gba èèyàn lásán. Wọ́n á ní kó mú ẹni méjì wá tí yóò jẹ́rìí sí i, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ olùkọ́ tó kọ́ ọ ní fásitì. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbéra, á tọ olùkọ́ lọ. Olùkọ́ á wo ojú rẹ̀, á wo ìdì ìwé tó wà lórí tábìlì, á ní, "Lọ kọ ọ́ wá, kí n wò ó, kí n fọwọ́ sí i." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yìn ló máa lọ jókòó kọ oríkì ara rẹ̀. Nígbà tó kan Gbóyèga, kò lè kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a kọ ọ́. Nígbà tó kan Hope, Ọmọ́wùnmí kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ yìí máa ń béèrè ìbéèrè tí olùkọ́ á gbé relé lọ rò. Olùkọ́ náà kà á, ó fọwọ́ sí i, ó ní òun ò mọ̀ pé òun mọ̀rọ̀ sọ tó báyẹn. Ni òkìkí bá kàn. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ onílé, àbúrò nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ Àǹtí Káàdì ni gbogbo wọn ń bọ̀. Mọ́kànlá ló kọ, mọ́kànlá ló wọlé. Bí ọ̀kan bá ti wọlé, Ọmọ́wùnmí á ya àwòrán lẹ́tà ìgbaniwọlé rẹ̀, á gbé e sórí Wọ́ọ̀sáàpù ẹbí wọn tí wọ́n pè ní Ilé Ajílété, Gbóyèga á sì fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ pé kí ọmọ náà fi ra ìwé.

Kò sí nínú ètò rẹ̀ pé kó gba fọ́ọ̀mù ti ara rẹ̀. Ó ti ń wù ú láti ogún ọdún sẹ́yìn, àmọ́ ohun tó ń wuni kọ́ lèèyàn ń ṣe bí ọmọ méjì bá ń wojú ẹni. Ó wá pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan nínú oṣù Karùn-ún. Ó wọ aṣọ tó dáa lọ síbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Hope fi àwòrán àkàrà òyìnbó ránṣẹ́ sórí Wọ́ọ̀sáàpù, Gbóyèga fi àwòrán àtẹ́wọ́ méjì tẹ̀ lé e, ọjọ́ ìbí parí. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe jáde níbi iṣẹ́, kò gba ọ̀nà ilé. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Raheem, nítòsí ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ ń dúró sí, ó ní kó bá òun gba fọ́ọ̀mù másítà nínú ìmọ̀ ìpamọ́ ìwé àti àkọsílẹ̀.

"Ti ta ni, Àǹtí?" Raheem ti ń tan kọ̀ǹpútà.

"Tèmi ni."

Raheem yíjú padà wò ó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. "Ó dáa, Àǹtí. Ọlọ́run á ṣe é."

Wọ́n san owó fọ́ọ̀mù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sí i. Ta ló máa san owó ẹ̀kọ́? Èmi fúnra mi. Ó ní owó tó ti ń dá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù, kò sì ní í tọrọ. Ìgbà tí wọ́n dé ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni ọwọ́ Raheem dúró.

"Wọ́n ní ta ni ẹbí tó sún mọ́ yín jù, tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀."

"Hope, àbúrò mi." Ó ka nọ́ńbà rẹ̀ fún un.

Raheem tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kọ̀ǹpútà kọ ọ̀rọ̀ pupa síwájú. "Kò gba nọ́ńbà òkè òkun o, Àǹtí. Ti Nàìjíríà ló fẹ́. Ẹ mú ẹlòmíì ṣá."

Ẹlòmíì wo? Ọmọ́wùnmí ronú kan onílé, ó ronú kan ìyàwó pásítọ̀, ó ronú kan nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán. Gbogbo àgbègbè Àlímọ̀ṣọ́ kún fọ́fọ́, èèyàn ń fara gbún èèyàn lójú títì, kò sì rí ẹyọ ẹnì kan tó lè kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ láìkọ́kọ́ lọ tọrọ àforíjì. Ó kọ orúkọ Hope, ó wá fi nọ́ńbà fóònù kejì tó wà nínú báàgì òun fúnra rẹ̀ sí i. Raheem mọ nọ́ńbà náà, torí òun ló máa ń bá a ra káàdì sí i. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ọsibítù jẹ́rìí tirẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ti olùkọ́ fásitì ló dogun. Ọdún méjìlélógún ti kọjá tí Ọmọ́wùnmí ti jáde. Nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀, méjì ti kú, ọ̀kan wà ní Amẹ́ríkà tí kì í dáhùn ímeèlì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣìkù nìkan ló kù, ó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní Ìpájà ló kọ́lé sí. Ìparí oṣù Kẹfà ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù náà. Bí kò bá rí ẹlẹ́rìí kejì kó tó di ọjọ́ náà, gbogbo rẹ̀ já sí asán nìyẹn, ó sì mọ ara rẹ̀ pé òun ò tún ní í láyà láti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì.

Ó lọ ní àárọ̀ Sátidé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Charity, tó ń tọ́jú bàbá náà, ló ṣí géètì. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sí fàráńdà nínú búbá funfun, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀, rédíò kékeré wà lórí itan rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà wà lókè òkun. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Ọmọ́wùnmí kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni Ọmọ́wùnmí Ajílété. Ẹ kọ́ mi ní fásitì, sà."

Bàbá náà wò ó títí. "Mi ò rántí rẹ."

Ó ti múra sílẹ̀ fún un. Gbogbo ọ̀nà láti Ẹ̀gbẹ́dá ló fi ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó lè máà rántí. Síbẹ̀ ó gún un láyà.

"Níbo lo máa ń jókòó sí ní kíláàsì?"

"Ìlà kẹta, sà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

"Àwọn oníwàhálà ni mo rántí. Ọ̀kan wà tó máa ń sùn, tó tún ń hanrun. Ìwọ ò dá wàhálà sílẹ̀ rí, àbí?"

"Rárá, sà."

"Àṣìṣe rẹ nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó bá wá, ó mi orí. "Ó dáa. Lọ kọ ọ́ wá, kí n wò ó, kí n fọwọ́ sí i."

Bí Ọmọ́wùnmí ṣe ń jáde, Charity sìn ín dé géètì. "Àǹtí, tẹ́ ẹ bá tún ń bọ̀, àárọ̀ náà ni kẹ́ ẹ wá o," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Tó bá ti di ọ̀sán, Dádì máa ń ṣì wá mú. Lánàá, Mọ́mì ni wọ́n pè mí."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, Ọmọ́wùnmí se ìrẹsì, ó jẹ ẹ́ tán, ó gbé bébà síwájú. Ogún ìṣẹ́jú ló fi kọ ti Hope lọ́jọ́sí. Ó fa ìlà sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, ó sì dúró. Kí ni kó sọ? Àwọn ará ilé kejì ń kọrin, ọmọ onílé ń fọ mọ́tò lójúde, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ kò parọ́. Ó gbìyànjú láti ronú pé ọmọ ẹlòmíì ló wá bá òun, ọmọ kan tó ń jẹ́ Ọmọ́wùnmí, kí òun bi í léèrè ohun tó ti ṣe láyé. Ọmọ náà ò dáhùn. Títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé, ìlà márùn-ún péré ló rí kọ. Ó ń tètè dé ibi iṣẹ́. Ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ń fara balẹ̀. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀kan. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ó sunkún náà. Kì í ṣe pé ìlà márùn-ún náà jẹ́ irọ́. Òótọ́ ni wọ́n, ìyẹn gan-an ló pa á lẹ́kún.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ti fọ́ọ̀mù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣìkù tún béèrè orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́. Bàbá náà fi awò sójú, ó ka ìlà márùn-ún náà, ó yí bébà náà sẹ́yìn bóyá ó kù níbẹ̀.

"Obìnrin yìí ti kú ni?"

"Sà?"

"Irú èyí ni wọ́n ń kà níbi ìsìnkú, bí àwọn tó wà níbẹ̀ ò bá mọ olóògbé." Ó ju bébà náà sórí tábìlì. "Ẹni tó kọ èyí kò fẹ́ràn rẹ. Mi ò lè fọwọ́ sí i."

Ọmọ́wùnmí rò pé ó ti parí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, torí irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn, tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lé e. Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè.

"Jókòó jàre. Charity! Bá mi gbé ìwé àjákọ mi wá àti gègé." Ó ṣí ìwé náà sórí itan. "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mò ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn, sà."

"Káàdì mélòó?"

"Ẹgbẹ̀rún méjìlá ó lé díẹ̀, sà."

"Bí kọ̀ǹpútà bá kú, ta ló máa wá wọn?"

"Èmi ni, sà."

"Sọ ọjọ́ kan fún mi tó kú."

Ó rò ó. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ti ọmọ kan, Olúwadọ̀tun, ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ibà gbé wá lọ́dún méjì sẹ́yìn. Iná ti lọ, kọ̀ǹpútà kú, nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fẹ́ gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́. Ọmọ́wùnmí gbọ́ orúkọ ọmọ yẹn láti ẹ̀yìn fèrèsé, ó sì rántí pé wọ́n ti gún un ní irú abẹ́rẹ́ yẹn nígbà tó wà lọ́mọ jòjòló, tí gbogbo ara rẹ̀ wú, tí dókítà fi bíró pupa kọ ọ́ sórí káàdì pé wọn ò gbọ́dọ̀ tún gún un mọ́. Ó tan iná fóònù, ó gun àga, ó wá káàdì náà jáde láàárín ẹgbẹ̀rún méjìlá, ó sáré wọ inú yàrá, ó di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú.

Bàbá náà ti dáwọ́ kíkọ dúró. "Wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Nọ́ọ̀sì ni wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, sà. Òun ni ìyá ọmọ náà rí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ orí ba, ó ń kọ̀wé lọ. Ó bi í léèrè nípa àwọn àbúrò rẹ̀, ó bi í léèrè nípa lẹ́tà mọ́kànlá, èyí tó pa á lẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Wákàtí méjì ni wọ́n lò. Ọmọ́wùnmí ò sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí Hope ti wọ bàálù. Nígbà tó parí, ó na ọrùn láti wo ohun tó kọ, bàbá náà pa ìwé dé.

"Ẹni tí à ń jẹ́rìí sí kì í jókòó ti ẹlẹ́rìí. Charity á bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, a máa fi ránṣẹ́ lónìí. Máa lọ sílé."

Wọ́n fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Nǹkan wá dákẹ́. Oṣù Keje lọ, oṣù Kẹjọ lọ. Ọmọ́wùnmí ò sọ fún ẹnì kankan, torí náà kò sẹ́ni tó lè bá a retí rẹ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án ni Raheem pè é láti òdì kejì títì, tó ń ju ọwọ́ sókè bí ẹni tí tẹ́tẹ́ jẹ fún. Wọ́n ti gbà á. Àmọ́ wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti san owó tí yóò fi hàn pé ó gba ààyè náà, bí kò bá san án, wọ́n á fún ẹlòmíì.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í sanwó bí kò ṣe lẹ́yìn ìpàdé oṣù, ìpàdé oṣù sì bọ́ sí ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ méjì máa pé. Bó ṣe di pé aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Fúráìdè ni Ọmọ́wùnmí jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù Raheem nìyẹn, tí wọn á ti ilẹ̀kùn fásitì lórí ẹ̀rọ ní aago márùn-ún. Wọ́n san án. Báǹkì ní owó ti jáde. Ojú ìwé fásitì ní òun ò rí i.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Aago kan lù, aago méjì lù. Àwọn ọmọléèwé wá tẹ ìwé, wọ́n lọ. Aláàárù kan wá ya fọ́tò, ó lọ. Ọmọ́wùnmí ń wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Gbogbo ìgbà tí òun sanwó fún Gbóyèga, tí òun sanwó fún Hope, wọ́n jọ máa ń jókòó ni, wọ́n á jọ máa gbàdúrà, wọ́n á jọ pariwo bó bá wọlé. Lónìí, òun àti báàgì òun ni. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí Raheem tó kígbe pé, "Ó ti wọlé! Àǹtí, ó ti wọlé o!" Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ rísíìtì àti lẹ́tà ìgbaniwọlé jáde.

Fóònù kejì dún nínú báàgì rẹ̀. Ó mú un jáde. Fásitì ló kọ̀wé sí ẹbí tó sún mọ́ ọn jù: Hope Ajílété, a bá yín yọ̀, ẹbí yín Ọmọ́wùnmí ti gba ààyè láti kẹ́kọ̀ọ́ másítà lọ́dọ̀ wa.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá fóònù padà sínú báàgì.

Lójú ọ̀nà ilé, ó dúró lábẹ́ òjìji ilé ìfowópamọ́ kan, ó ya àwòrán lẹ́tà ìgbaniwọlé náà, ó gbé e sórí Ilé Ajílété. Kò kọ nǹkan kan sí i. Orúkọ rẹ̀ ṣáà wà lókè lẹ́tà náà gàdàgbà. Kò pẹ́ tí Hope fi fi àtẹ́wọ́ mẹ́fà ránṣẹ́. Gbóyèga kọ ọ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí mi! Ìkejìlá rèé! Ọmọ ta nìyẹn? Ẹ sọ iye tí mo máa fi ránṣẹ́, mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ẹ má bá mi bú Gbóyèga. Mọ́kànlá ló ti rí lójú kan náà, ṣe ló wo bébà, kò ka orúkọ. Ọmọ́wùnmí kọ ọ́ pé, "Èmi ni." Ó wò ó. Ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Wọ́n ti san án. Má ṣèyọnu, jẹ́ kí iṣẹ́ ẹ tán." Ó wá rọra ń rìn lọ sílé, ara sì ń ta á bí ẹni tó fìyà jẹ ara rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó yẹ kó gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé ó ra àpù àti àjàrà, ó gba Ìpájà lọ. Ó rò pé bàbá náà máa bú sẹ́rìn-ín, ó ti ń gbọ́ ẹ̀rín náà lọ́kàn. Àárọ̀ ló lọ, bí wọ́n ṣe ní kó máa ṣe. Àmọ́ ojú Charity ti yàtọ̀ nígbà tó ṣí géètì.

"Àárọ̀ àti ọ̀sán ti di ọ̀kan náà báyìí, Àǹtí. Láti oṣù tó kọjá. Wọn ò mọ èmi gan-an mọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ó ti rù. Ọmọ́wùnmí kúnlẹ̀, ó kí i, ó sọ orúkọ rẹ̀. Bàbá náà kí i padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe ń kí àlejò tí wọn ò rí rí.

"Ṣé ìwọ lo máa ka ìwé fún mi lónìí?" ó béèrè.

Charity mú bébà kan tó ti ká létí jáde lábẹ́ rédíò. "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní ká kà á fún àwọn. Inú ìwé àjákọ ni wọ́n ti fà á ya. Bí mo bá kó o pamọ́, wọ́n á máa sunkún."

Ọwọ́ bàbá náà ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà gbágungbàgun. Ọmọ́wùnmí mọ̀ ọ́n kó tó ka ìlà àkọ́kọ́. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó wí nìyí: Mo fẹ́ sọ fún yín nípa obìnrin kan. Ó ń tọ́jú ẹgbẹ̀rún méjìlá èèyàn, ó sì mọ orúkọ gbogbo wọn. Ó di ọwọ́ ikú mú lójú iná fóònù, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ó tọ́ ọmọ méjì tí kò bí. Ó ti kọ lẹ́tà bí irú èyí fún èèyàn mọ́kànlá, tí àwọn olùkọ́ bí èmi fọwọ́ sí i tí wọ́n sì gba ìyìn rẹ̀. Mi ò rántí ibi tó jókòó sí ní kíláàsì mi, ẹ̀bi mi sì ni, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ gbà á. Bí ẹ ò bá gbà á, ẹ̀yin lẹ pàdánù.

Ó kà á sókè fún un dé ìparí. Bàbá náà di ojú, ó ń mi orí sí gbogbo ìlà bí ẹni tó mọ ọ́n sórí. Nígbà tí ìwé náà parí, ó ṣíjú.

"Obìnrin náà dáa, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ẹ ṣé, sà."

"Ṣé wọ́n gbà á? Mò ń bi wọ́n léèrè, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn nílé yìí."

"Wọ́n gbà á, sà."

"Owó ńkọ́? Ó rí owó san?"

"Ó ti san án, sà. Lánàá."

Bàbá náà mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba bébà rẹ̀ padà, ó tò ó sábẹ́ rédíò. Ọmọ́wùnmí rò pé ó ti gbàgbé, ó fẹ́ dìde. Bàbá náà fà á lọ́wọ́.

"Ìwọ mọ̀ ọ́n, mo rí i lójú rẹ. Bó o bá rí i, bá mi sọ fún un pé mo rántí rẹ̀."

Ọmọ́wùnmí padà sórí eékún rẹ̀, lórí símẹ́ǹtì fàráńdà náà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ bàbá náà.

"Mo máa sọ fún un, sà," ó wí.